Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi lāuga àwọn ará Samoa, àwa àlejò ni mò ń bá sọ̀rọ̀

Lāuga ni ọ̀rọ̀ tó ní ìlànà tí wọ́n ń sọ lójú agbo, níbi òkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè. Kí n tó wí ohunkóhun míì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe yẹ ká pè é. Lāuga ni wọ́n ń kọ, àmọ́ g tó wà níbẹ̀ kì í ṣe g inú gàárì o. Ẹ wí pé “ó ń gun igi”, ẹ tẹ́tí sí “ń” yẹn dáadáa, imú lẹ fi pè é àbí, ohùn yẹn gan-an ni g àwọn ará Samoa, ẹ wá fi “a” lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Wọ́n á rí Pago Pago, olú ìlú apá Samoa tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, nínú ìwé wọ́n á pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n á tún fi p tiwa pè é, nígbà tó jẹ́ pé p tiwọn fẹ́lẹ́, ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Àmì kékeré tó dà bí kọ́mà tẹ́ ẹ máa ń rí lókè náà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó ní kí ẹ dá ohùn dúró díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. 'ava ni ohun mímu tí màá sọ nípa ẹ̀ níwájú, ava ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá láàárín àpáta òkun, avā ni ìyàwó. Àwa tá a mọ ìyàtọ̀ igbá àti ìgbà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé wa pé ohùn ló ni ọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi ọmọ Samoa ni, Auckland ní New Zealand la ń gbé, àwọn ará Samoa sì pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò mọye òkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè tí mo ti jókòó sí, tí mo ká ẹsẹ̀ jọ lórí ẹní títí ẹsẹ̀ fi kú. Níbi òkú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnì kan nínú àwa ará Áfíríkà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èèyàn rere ni, òun àti olóògbé jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, ó kàn dìde fùú láàárín ilé, ó gba màìkì, ó ní òun náà fẹ́ ṣe lāuga díẹ̀ fún bàbá. Inú ire ló fi ṣe é, mo mọ̀. Àmọ́ kó tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn àgbà ti ń wolẹ̀, ìyá ìyàwó mi ti ń fọwọ́ pa etí aṣọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí wọn kì í bá àlejò wí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á dúpẹ́, ẹni náà á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun ṣe dáadáa, tó bá tún dọjọ́ míì á tún ṣe é. Torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, ọmọ ìyá ló ń sọ òótọ́ fún ọmọ ìyá.

Àṣìṣe tó bí gbogbo àwọn tó kù ni ká rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹni tó tóbi jù níbẹ̀.

Samoa tí mò ń wí yìí, àwọn erékùṣù ni, àárín òkun Pàsífíìkì ni wọ́n wà. Apá ìwọ̀ oòrùn gba òmìnira lọ́wọ́ New Zealand ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1962, apá ìlà oòrùn ti wà lábẹ́ Amẹ́ríkà láti ọdún 1900, ìjọba wọn yàtọ̀ àmọ́ àṣà ò yàtọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní oyè tiẹ̀, ìdílé ló ń yan ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pè ní matai. Kì í ṣe oyè tá a fi ń ṣe fáàrí o, títí di ọdún 1990 matai nìkan ló ń dìbò yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin ní Samoa, títí dòní olónìí matai nìkan ló lè du ipò yẹn. Oríṣi méjì sì ni wọ́n, ali'i àti tulāfale. Ali'i ni iyì wà lọ́rùn ẹ̀, tulāfale ni ẹnu ẹ̀. Tulāfale ló mọ ìtàn, òun ló mọ ìdílé tó bá ìdílé tan, òun ló ń gba àlejò, òun ló ń pín ẹ̀bùn, òun ló ń ṣe lāuga. Ali'i á jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè ẹ̀. (Àwọn oyè kan wà tó da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, àmọ́ ìyẹn kọjá ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.)

Torí náà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ rí bàbá kan tó ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé dákẹ́ fún, ẹ má sáré lọ kí i bí ẹni ń kí olórí ilé, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn sí bàbá tó dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tẹni tó dákẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀, lórí YouTube àti níbòmíì, tí wọ́n máa ń fi tulāfale ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò bẹ̀rù, ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ojú gbogbo èèyàn mọ́ra. Wọ́n wò ó tán wọn ò rí i. Tulāfale ò sọ tara ẹ̀. Ẹnu ìdílé, ẹnu ìlú ló ń lò, tó bá sì sọ ọ́ dà, ìlú ló tẹ́.

Ibi tí èèyàn jókòó sí náà ń sọ̀rọ̀. Ilé ìpàdé wọn rí bí ẹyin, kò ní ògiri, òpó ló yí i ká. Orígun méjèèjì tó rí roboto, ibẹ̀ ni àwọn ali'i ń jókòó sí, àwọn tulāfale á wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn tó wà níwájú, àwọn tó ń po 'ava àtàwọn tó ń sáré iṣẹ́ á wà lẹ́yìn. Òpó kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ẹ máa wọlé, ẹ̀yìn á ti máa dùn yín, ẹ máa rí òpó kan tó ṣófo ẹ máa fẹ̀yìn tì í. Ẹ má ṣe é. Ẹ dúró kí wọ́n fi àyè hàn yín. Ẹ má na ẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, tó bá ń dùn yín jù ẹ fi ẹní tàbí aṣọ bò ó, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba iwájú èèyàn kọjá, ẹ tẹ̀ba kí ẹ máa wí pé “tulou, tulou” bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Àti pé nínú ilé, ìjókòó la ti ń sọ̀rọ̀. Ìta gbangba, lórí malae, ìyẹn pápá ìlú, ni tulāfale ti ń dúró sọ̀rọ̀. Ẹni tiwa yẹn dúró láàárín ilé sókè orí àwọn ali'i, kó tó la ẹnu pàápàá ó ti ṣìṣe.

Fa'atau ló kàn. Kí lāuga tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tulāfale tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà á kọ́kọ́ fà á láàárín ara wọn, ta ló máa sọ̀rọ̀ lónìí? Èyí á ní òun ni, tọ̀hún á ní rárá o, oyè òun ló ni ín, ẹ̀kẹta á rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé bàbá wọn, tó bá jẹ́ orí malae ni wọ́n á dúró lọ bẹẹrẹ, wọ́n á máa jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń yọ̀ǹda títí á fi ku ẹyọ ẹnì kan. Ó lè pẹ́ gan-an. Ó sì lè jẹ́ pé àtàná ni gbogbo wọn ti mọ ẹni tó máa sọ ọ́. Mo ti rí àlejò tó rò pé ìjà ni, mo ti rí èyí tó yọ fóònù tó ń wò ó, mo ti rí ẹnì kan tó ní “ẹ ṣáà jẹ́ kí bàbá yìí sọ ọ́ ká lè tètè jẹun”. Ha! Ẹ gbọ́, fa'atau yẹn kì í ṣe ìdádúró kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, inú ètò ló wà, torí níbẹ̀ ni oyè kọ̀ọ̀kan ti ń gbọ́ pé wọn ò gbàgbé òun. Ẹni tó yọ̀ǹda, gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé ó ní ẹ̀tọ́, ó wá fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ ta ẹnìkejì lọ́rẹ. Tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Bákan náà, tí tulāfale onílé bá dá tulāfale àlejò dúró láàárín ọ̀rọ̀, pé ó tó, ẹ ti bọlá fún wa, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́, ìyẹn náà kì í ṣe ìwọ̀sí. Seu ni wọ́n ń pè é, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tí wọ́n dá dúró sì lè bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun parí. Ẹ má bínú nítorí ẹni yín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó gbóná jù, fa'alupega. Ká ní mo fẹ́ pè é ní orúkọ kan fún yín, màá ní oríkì ìlú ni, àmọ́ oríkì tó ní ètò tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Gbogbo ìlú ní Samoa ló ní tiẹ̀, ó to orúkọ àwọn oyè ńláńlá ìlú yẹn, ẹgbẹ́ àwọn tulāfale ẹ̀, ìdílé ọba ẹ̀, bó ṣe tẹ̀ lé ara, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nílùú yẹn ní láti kì í. Gbogbo Samoa lódindi náà ní tiẹ̀. “Tulouna a Tumua ma Pule, Itu'au ma Alataua, 'Āiga i le Tai, ma le Va'a o Fonotī.” Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ ti gbọ́ àwòrán ilẹ̀ nìyẹn. Tumua làwọn tulāfale erékùṣù Upolu, Pule ni ti erékùṣù Savai'i, 'Āiga i le Tai ni Manono àti Apolima, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà lójú omi láàárín méjèèjì, Va'a o Fonotī ni agbègbè Fagaloa. Ẹni tó wí ìyẹn tán ti dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ náà láì kúrò lójú kan.

Àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan á lọ ka ti ìlú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á wá kà á ní ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó jẹ́ pé ìlú méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹlòmíì á kì í lákìítán àmọ́ á yí ètò ẹ̀ padà, èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn á ṣíwájú. Èyí tó burú jù ni ká gbàgbé ẹyọ kan. Mo wà níbi ìgbéyàwó kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí fo orúkọ kan, ọmọ Samoa ni òun o, kì í ṣe àlejò, ilé yẹn dákẹ́ lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé, bàbá tí wọ́n fo orúkọ ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ojú sókè wo àjà. Àgbà kan wá fi ohùn jẹ́jẹ́ fi orúkọ yẹn kún un láti ìjókòó ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà tọrọ àforíjì, wọ́n tẹ̀ síwájú. Nígbà tá a délé ìyàwó mi ní ṣé mo rí i, nínú gbogbo oúnjẹ àti ijó ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n máa rántí lẹ́yìn ogún ọdún nìyẹn. Fún àwa àlejò, ohun tó dára ni pé kò sẹ́ni tó retí pé ká kì í. Ẹ lè tọrọ àyè, kí ẹ wí pé ẹ ò tó ẹni tó ń to iyì ilé yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti tò ó, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe tò ó. Ó tó. Kódà àwọn tulāfale gan-an ní gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ ìdáríjì tẹ́lẹ̀ fún ohun tí ẹnu wọn bá fò.

Èyí tó tún ń kó èèyàn sí wàhálà ni èdè ọ̀wọ̀. Àwa ní “ẹ” àti “o”, ó parí. Tiwọn, ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń yí padà, ó sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí irú oyè tí ẹni náà jẹ. Ká sọ pé ẹ fẹ́ ní kí èèyàn máa bọ̀. Sau ni ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Tó bá jẹ́ tulāfale, maliu mai. Tó bá jẹ́ ali'i, susū mai. Àwọn tó ga jù, afio mai. Ilé jẹ́ fale, àmọ́ ilé ali'i ni maota, ilé tulāfale ni laoa. Ìyàwó ali'i, faletua, ìyàwó tulāfale, tausi. Ẹ rí i bó ṣe wà, tẹ́ ẹ bá pe ìyàwó tulāfale ní faletua ẹ lè rò pé ẹ gbé e ga ni, pé ta ni wọ́n ń gbé ga tó ń bínú, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ẹ ò mọ ẹni tí ọkọ ẹ̀ jẹ́. Iyì tulāfale kì í ṣe iyì ali'i tó kéré sí i, iyì tiẹ̀ ni, ó yàtọ̀.

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara ẹni. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ó dùn lẹ́nu, ẹ wá ní “ẹ máa bọ̀ ní maota mi”. Rárá o! Ali'i tó ga jù lọ nílùú, tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ara ẹ̀, fale lásán ló máa pè é. Àwọn ẹlòmíì ló ni ẹnu tí wọ́n fi ń bọlá fún un, kì í fi ẹnu ara ẹ̀ bu ọlá fún ara ẹ̀. Ẹni tiwa tí mo sọ nípa ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn, ó ní òun “susū mai” láti ìlú òun wá. Ní èdè wa, bíi kí èèyàn dìde láàárín àwọn àgbà kó ní “èmi kábíyèsí ti dé”.

Ibi kan wà tí àwọn tó ti kọ́ èdè náà nílé ìwé ti máa ń ṣìṣe ju àwọn tí kò gbọ́ rárá lọ. Èdè Samoa ní ọ̀nà ìpè méjì. Ọ̀kan ni tautala lelei, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ tó dára, t ni t, n ni n, òun ni wọ́n ń kọ nínú ìwé, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, tí wọ́n fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń kàròyìn lórí rédíò. Ìkejì ni tautala leaga, orúkọ yẹn túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísọ tí kò dára, níbẹ̀ t á di k, n á di g onímú yẹn. Talofa, tí wọ́n fi ń kí èèyàn, á di kalofa, tagata, tó túmọ̀ sí èèyàn, á di kagaka, fono, tó túmọ̀ sí ìpàdé àwọn matai, á di fogo. Nítorí orúkọ yẹn, àlejò á rò pé k ni ti àwọn ọmọ ìta, pé níbi tó bá ti ní ọ̀wọ̀, t nìkan ni. Wọ́n á wá dé ibi fono wọ́n á gbọ́ àwọn àgbà tó gbó jù lọ, nínú lāuga tó jinlẹ̀ jù lọ, tí k ń ró lẹ́nu wọn kí-kí-kí, wọ́n á ní èdè ti bàjẹ́. Èdè ò bàjẹ́ o. Ilé tirẹ̀ nìyẹn. T jẹ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé àti àjèjì, k jẹ mọ́ agbo ilé àti agbo àwọn matai. Ẹ má bá tulāfale tún ìpè ẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ má sì máa fi k sọ̀rọ̀ láti fi hàn pé ẹ ti di ọmọ onílé, t ni wọ́n retí lẹ́nu àlejò, ó sì máa ń kọ wọ́n lóminú tí àlejò bá ń fi k bá àgbà sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti pẹ́ láàárín wọn, t ni mò ń lò.

Òwe wọn, ọ̀rọ̀ dùn níbẹ̀! Orí ẹja pípa, ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú ẹyẹlé igbó ni ọ̀pọ̀ ti wá. “E lē falala fua le niu, 'ae falala ona o le agi”, igi àgbọn kì í dédé tẹ̀, atẹ́gùn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ pé ara wa ni. Ibi tí wàhálà wà ni pé a ń rí òwe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀ lásán, a ò rí ọjọ́ tí wọ́n ń pa á. “Ua tagi le fatu ma le 'ele'ele”, òkúta àti ilẹ̀ ń sunkún, ẹ wo bó ṣe dùn tó, ẹnì kan lè fẹ́ fi sínú káàdì ìgbéyàwó láti fi sọ pé ayọ̀ pọ̀ débi tí ilẹ̀ fi ń da omi lójú. Ọ̀rọ̀ òkú ni. Ikú ẹni ńlá ni wọ́n fi ń kéde. Òwe tẹ́ ò bá tíì gbọ́ lẹ́nu àgbà kan níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì pa á, ẹ jẹ́ kó gbó nínú yín.

Ètò inú lāuga fúnra ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí agbègbè kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n á ṣí ọ̀rọ̀, wọ́n á mẹ́nu ba 'ava, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún pa'ia, ìyẹn iyì mímọ́ àwọn tó péjọ, wọ́n á ka taeao, kí wọ́n tó dé orí ohun tó kó wọn jọ, ní ìparí wọ́n á gbàdúrà kí sánmà mọ́ lórí ẹ̀mí àwọn olóyè. Taeao túmọ̀ sí òwúrọ̀, àmọ́ òwúrọ̀ tí nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wí, ogun, àlàáfíà, dídé ìyìn rere. Ọdún 1830 ni John Williams, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Sapapali'i ní Savai'i, tí olóyè ńlá Malietoa Vainu'upō gbà á, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú lāuga títí di òní. Ẹni tó bá ń wo aago nígbà yẹn tó ń wí pé “kí ló dé tí wọn ò tíì sọ ohun tá a wá ṣe”, ohun tá a wá ṣe ni wọ́n ń sọ yẹn.

Ọ̀pá àti ìrùkẹ̀rẹ̀. To'oto'o ni ọ̀pá gígùn tí tulāfale ń gbé dúró lórí malae, fue ni ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi okùn èèpo àgbọn ṣe, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Wọ́n ń tà á lọ́jà ní Apia, olú ìlú Samoa, fún àwọn tó wá ṣeré, ẹ rà á, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé e wá síbi ètò, ẹ má gbé e lé èjìká ya fọ́tò níwájú àwọn tó ni ín. Àmì iṣẹ́ ni.

'Ava, gbòǹgbò igi kan ni wọ́n ń gún tí wọ́n ń po mọ́ omi nínú tanoa, abọ́ onígi tó ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ọtí, kì í pa èèyàn bí ẹmu, ẹnu ló máa ń kú díẹ̀. Ẹnì kan ló ń ké pe ẹni tí ife kàn, ali'i ní orúkọ tí wọ́n ń pe ife tiẹ̀, tulāfale kò ní, “lau 'ava” ni wọ́n á wí fún un. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé èèyàn á gbà á á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀, ẹ wí pé “manuia”, wọ́n á dáhùn pé “soifua”, ẹ wá mu ún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn lāuga, ẹ máa rí i tí wọ́n ń fi ẹní dáradára, 'ie tōga, àti owó ta tulāfale lọ́rẹ. Lafo lorúkọ ẹ̀. Àwọn kan nínú wa á ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, tàbí pé owó ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ojú yẹn wò ó. Ẹní yẹn, ewé igi pandanus tí wọ́n là tín-ín-rín ni àwọn obìnrin fi ń hun ún, èyí tó dára lè gbà tó ọ̀pọ̀ oṣù, ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ, ọdún 2019 ni UNESCO fi iṣẹ́ híhun yẹn sínú àwọn ogún àṣà aráyé. Ẹni tó gba lafo ti di ẹlẹ́rìí, ó ti gbà pé ohun tí ìdílé yìí ṣe, òun rí i. Lóòótọ́ o, owó tó ń bá a rìn nílẹ̀ yìí ti pọ̀ jù lójú tèmi, mo mọ àwọn ìdílé tó yá owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gba èlé gọbọi torí òkú, ìyàwó mi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń bá ara wọn sọ, kì í ṣe ẹnu àlejò ló ti yẹ kó jáde lójú agbo.

Àṣìṣe tó kù tí mo fẹ́ sọ ni kí èèyàn rò pé kò síbi tí ọ̀rọ̀ ò ti yẹ.

Tí ọmọ ìdílé kan bá ṣe ìdílé míì léṣe, pàápàá tí ẹ̀mí bá lọ sí i, ìdílé ẹlẹ́ṣẹ̀ á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ilé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n á fi 'ie tōga borí. Ifoga nìyẹn. Ọ̀pọ̀ yín ti rí i láì mọ orúkọ ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní gbọ̀ngàn ìlú Auckland níbí, Jacinda Ardern tó jẹ́ olórí ìjọba New Zealand nígbà yẹn jókòó kí wọ́n fi ẹní bò ó, nígbà tó wá tọrọ àforíjì fún bí ọlọ́pàá ṣe ń já wọ ilé àwọn ará Pàsífíìkì láfẹ̀mọ́júmọ́ láàárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń wá àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ti parí. Ẹní ló kọ́kọ́ bò ó, ọ̀rọ̀ wá tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ẹní, ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣàlàyé pé kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ ló rí. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí àwọn onílé á fi jáde wá ṣí ẹní náà lórí wọn, ó lè jẹ́ wákàtí, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní jáde rárá.

Mo ti jókòó sábẹ́ ẹ̀ rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi mọ́tò gbá ọmọ ẹnì kan, ọmọ náà ò kú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kán níbi méjì. A lọ ní aago márùn-ún ìdájí, òtútù ń mú, ilẹ̀ tutù, abẹ́ ẹní náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bíi koríko gbígbẹ, mò ń gbọ́ bí ọmọ wa ṣe ń mí. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo fẹ́ wí pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọkọ́mọ. Ìyá ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan, ó ṣáà dì í mú. Ilẹ̀ mọ́ ká tó gbọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ká ẹní kúrò lórí wa, ojú oòrùn ò jẹ́ kí n rí ẹni tó dúró, wọ́n ní ká wọlé. Nígbà tá a jókòó tán, tulāfale wọn, bàbá bàbá ọmọ tó wà nílé ìwòsàn, ló bẹ̀rẹ̀ lāuga, ohun tó sì kọ́kọ́ ti ẹnu ẹ̀ jáde ni fa'alupega ìlú tiwa, oyè kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fo ẹyọ kan.